Abọ́ Omi Tí N Kò Gbé Lé Bàbá Láwuyì Lọ́wọ́

"Ṣé ó máa lè gbé e dé ọ̀hún?" Bàbá Láwuyì bi mí. Ó tẹ̀ síwájú lórí àga rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ bá mi gbọ́ ohun tí mítà ń sọ.

Mo tún fi ẹnu wáyà mítà kan òkúta bátìrì aago kọ̀ǹpútà rẹ̀. Òkúta kékeré pẹlẹbẹ ni, kò ju bọ́tìnnì kóòtù lọ, ó jókòó jẹ́ẹ́ sórí bọ́ọ̀dù inú kọ̀ǹpútà náà, eruku yí i ká. Bí ara rẹ̀ bá le, mẹ́ta ló yẹ kí mítà kà. Méjì ló kà, kò tilẹ̀ pé méjì dáadáa.

"Bàbá, kò lè gbé e dé ẹnu ọ̀nà yín," mo ní. "Iná ara ògiri yìí ló ń gbé aago rẹ̀ ró láti ọjọ́ yìí wá. Bí a bá yọ wáyà yìí báyìí, aago á kú kí a tó gbé e dé inú ọkọ̀."

"Ṣùgbọ́n o lè pààrọ̀ òkúta yẹn?"

"Ohun tí mo wá ṣe nìyẹn, sà."

"Kí aago má sì kú?"

"Kí aago má sì kú."

Ó mí kanlẹ̀, ó fẹ̀yìn ti àga. Ẹni ọdún mẹ́rinlélọ́gọ́rin ni Bàbá Láwuyì, ó ga, ó gbẹ, ó sì ti wọ agbádá láti òwúrọ̀ bí ẹni tó ń lọ sí ilé àna. Ìwé tí àwọn Alágbàtọ́ Igbó fi ránṣẹ́ sí i wà lára ògiri lẹ́yìn rẹ̀. Ó ti fi ìṣó kàn án mọ́ ibẹ̀ kó má baà sọnù. Ó ti kà á sí mi létí nígbà tí mo wọlé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo ti rí irú rẹ̀ ní ilé mẹ́sàn-án lóṣù yẹn nìkan. Ẹnikẹ́ni tó bá ní ẹ̀tọ́ sí ibojì nínú Igbó Àìwọ̀, kó gbé ẹ̀rọ tó jẹ́ ẹlẹ́rìí rẹ̀ wá sí Ilé Ẹ̀rí kí agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ òní tó lù. Bó bá ti lù, igbó padé nìyẹn.

Àárín igbó náà ni Ìdí-Arère, abúlé wọn, wà. Ó ti di ọdún mọ́kànlélógún tí ìjọba ti kó àwọn ará ibẹ̀ kúrò kí igi lè hù, kí òjò lè padà. Òjò sì padà, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n Ìbídùn, ìyàwó Bàbá Láwuyì, ti sùn síbẹ̀ ṣáájú.

"Ẹ̀yìn ilé wa ni," Bàbá sọ fún mi, ó ń wo kọ̀ǹpútà náà bí mo ṣe ń fi búrọ́ọ̀ṣì gbá eruku inú rẹ̀. "Ibojì méjì ni mo gbẹ́ lọ́jọ́ kan náà. Mo fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ. Orúkọ mi ti wà lára tèmi, ọjọ́ ló kù. Àwọn Alágbàtọ́ kọ̀wé sí mi nígbà náà pé àwọn gbà, pé bí ọjọ́ mi bá pé, kí wọ́n gbé mi wá síbẹ̀. Inú ẹ̀rọ yìí ni akọ̀wé wọn tẹ ìwé náà sí."

"Àwọn fúnra wọn kò ní tiwọn?"

"Wọ́n ní àwọn wá a, àwọn ò rí i." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ìjọba kì í rí ohun tí kò bá wá, Àwẹ̀ró."

Fadérera lorúkọ mi, ṣùgbọ́n Bàbá ti béèrè oríkì mi kí n tó jókòó, kò sì tún pè mí ní nǹkan mìíràn mọ́. Iṣẹ́ apààrọ̀-òkúta ni mò ń ṣe. Ìyá mi ló fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún mi, pẹ̀lú òǹtẹ̀ idẹ kan tí mo máa ń fi okùn so mọ́rùn. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré ló wà lójú òǹtẹ̀ náà: KÒ KÚ LỌ́WỌ́ MI. Ẹ̀rọ tí a bá lu òǹtẹ̀ yẹn sí ìwé rẹ̀, Ilé Ẹ̀rí á gbà á. Láti Ọdún Ayédèrú, ta ló tún ń gba ìwé lásán gbọ́? Wọ́n fi àwòrán bàbá mi síbi ìgbéyàwó tí kò lọ. Wọ́n fi ohùn ìyá mi bá mi sọ̀rọ̀ ní ọ̀sẹ̀ tí a sin ín, ohùn náà sì ní kí n ṣílẹ̀kùn. Ẹ̀rọ àtijọ́ nìkan ló kù tí òfin ń fọkàn tán, èyí tí kò bá ẹ̀rọ mìíràn sọ̀rọ̀ rí, tí aago inú rẹ̀ kò sì dúró rí láti ọjọ́ tí a ti fi ọ̀rọ̀ sí i nínú.

Mo kó irinṣẹ́ mi jáde. Mo mú agolo tí mo ń tọ́jú òkúta tuntun sí, tí ìrẹsì gbígbẹ kún inú rẹ̀ kí ọ̀rinrin má baà kan òkúta. Mo mú ìwé àti pẹ́ńsù, mo kọ ọjọ́, mo kọ wákàtí. Mo mú ẹyọ ọwọ̀ kan tí mo já lára ìgbálẹ̀ ilé mi, nítorí irin kò gbọdọ̀ débẹ̀. Èyí tó kù ni abọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ abọ́ yìí, nítorí òun ni gbogbo ọ̀ràn mi. Ìyá mi kì í yọ òkúta nínú ẹ̀rọ ẹnikẹ́ni láìkọ́kọ́ bu omi kún abọ́ kan, kó gbé e lé onílé lọ́wọ́, kó ní kó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú, kó má jẹ́ kó dànù. Àwọn kan rò pé ètùtù ni. Kì í ṣe ètùtù rárá. "Ọwọ́ tó ṣófo ní ń wá iṣẹ́," ni ìyá mi máa ń sọ. "Bó o bá ń ṣiṣẹ́, ẹni tó ni ẹ̀rọ á fẹ́ bá ẹ ṣe é. Fún un ní tiẹ̀." Ọba ni o, abọ́ á bá a. Pásítọ̀ ni o, abọ́ á bá a.

Abọ́ náà wà nínú àpò mi lọ́jọ́ yẹn. Mo tiẹ̀ ti fọwọ́ kàn án. Mo wá gbójú sókè, mo rí Bàbá Láwuyì nínú agbádá, irun orí rẹ̀ funfun báláú, mo sì rò ó wò: ta ni mí tí n óò ní kí bàbá tó ju bàbá tó bí mi lọ jókòó bí ọmọ iléèwé kó máa gbé omi? Ojú tì mí. Mo fi abọ́ sílẹ̀ nínú àpò.

Dípò ìyẹn, mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kan ẹ̀rọ náà o."

"Mi ò ní fọwọ́ kàn án," ó ní.

Kò sì fọwọ́ kàn án.

Mo fi ìka mi kan irin ara kọ̀ǹpútà kí iná díẹ̀ tó máa ń wà lára ènìyàn lè kọ́kọ́ jáde. Ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ wà ní pípa, ṣùgbọ́n wáyà rẹ̀ wà lára ògiri, iná kékeré aláwọ̀ ewé sì ń tàn lórí bọ́ọ̀dù. Níwọ̀n ìgbà tí iná yẹn bá ń tàn, aago kò nílò òkúta. Mo fi ẹnu ọwọ̀ ti irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó di òkúta mú. Òkúta àtijọ́ náà ta sókè pẹ́kẹ́. Mo gbé e kúrò, mo na ọwọ́ sí tuntun. Gbogbo rẹ̀ kò ju mímí ẹ̀ẹ̀mejì lọ. Mo ti ṣe é nígbà tó lé ní irinwó.

Mo gbọ́ ìró kan lẹ́yìn mi: pọ́.

Iná ewé náà ṣì ń tàn. Kì í kú lẹ́ẹ̀kan náà. Bí a bá pa iná ara ògiri, ó ṣì máa ń lo èyí tó ṣẹ́kù nínú ẹ̀rọ fún ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta, nígbà mìíràn mẹ́rin. Òkúta tuntun wà láàárín ìka mi. Ihò rẹ̀ wà níwájú mi. Ká ní mo tẹ̀ ẹ́ wọlé nígbà náà, a kò ní máa sọ ìtàn kankan. Ṣùgbọ́n mo bojú wẹ̀yìn. Mo bojú wẹ̀yìn láti wo ohun tó dún, òkúta bọ́ lọ́wọ́ mi, ó yí lọ sábẹ́ tábìlì. Nígbà tí mo fi máa rí i, inú kọ̀ǹpútà náà ti ṣókùnkùn.

Bàbá Láwuyì dúró létí ògiri, ìka rẹ̀ ṣì wà lórí síwìṣì. Ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Mo ti pa á," ó ní. "Má bẹ̀rù, kò lè gbé ẹ mọ́. Bí mo ṣe rí ọwọ́ ẹ nínú ẹ̀rọ tí iná wà lára ògiri, àyà mi já. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ ò mọ iná. Nígbà tiwa, iná á lọ, á tún dé lójijì bí olè. Ọ̀rẹ́ mi kan wà tó ń jẹ́ Múftàù, ibi iṣẹ́ ìtẹ̀wé kan náà la wà. Ó kọwọ́ bọ inú ẹ̀rọ tó ń da ìwé kọ nígbà tí iná ti lọ. Iná dé. Ojú mi ló ṣe. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá rí ọwọ́ ẹnikẹ́ni nínú ẹ̀rọ, síwìṣì ni mo máa ń sáré sí."

Ẹni tó gba ẹ̀mí mi là, nínú ọkàn tirẹ̀, ló dúró níwájú mi.

Mo ní, "Ẹ ṣé, Bàbá."

Mo wá òkúta náà rí, mo nù ún, mo fi í sí àyè rẹ̀. Mo dé kọ̀ǹpútà, mo tan iná. Ó pẹ́ díẹ̀ kí síkírìnì tó mọ́lẹ̀. Ó béèrè lọ́wọ́ mi, bí ẹni tó jí ní ilé tí kò mọ̀, bóyá ọjọ́ tó wà lójú òun tọ̀nà: ọjọ́ kìíní, oṣù kìíní, ọdún 2024. Ọdún 2081 la wà.

Bàbá yọjú wò ó. "Kí ló dé tó ń sọ pé 2024? Ọdún tí mo rà á nìyẹn."

"Ó sùn díẹ̀, sà."

"O lè jí i?"

Mo lè tún aago náà tò. Ọmọdé lè tò ó. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ máa ń kọ ohun tí a bá ṣe sí i sínú ara rẹ̀, Ilé Ẹ̀rí á sì rí àpá ibẹ̀ kí wọ́n tó kí wa tán. Ẹni tó bá tún aago tò, wọ́n á kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn ayédèrú. Mo sọ fún Bàbá pé a óò jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀, pé a óò ṣàlàyé níbẹ̀. Ó gbà. Ó fọkàn tán mi pátápátá, ìyẹn ló ń dùn mí jù títí dòní.

*

Ọkọ̀ àìláwakọ̀ tó wá gbé wa kí wa tọ̀yàyàtọ̀yàyà. "Ẹ káàsán o, ẹ̀yin èrò mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ de bẹ́líìtì yín."

"Ta lèrò ẹ?" Bàbá Láwuyì dá a lóhùn. "Ọmọ àná. Ìwọ tí o ò lójú, o ń pàṣẹ fún àgbà."

"Ẹ má bínú, Bàbá," ni ọkọ̀ sọ, ó sì rọra gbéra.

Bàbá kò jẹ́ kí n gbé kọ̀ǹpútà náà sẹ́yìn. Orí itan rẹ̀ ló gbé e sí, ó fọwọ́ méjèèjì dì í mú. Mo wo ọwọ́ méjèèjì yẹn, mo rántí abọ́, mo gbójú sí fèrèsé.

Òfin tó kan ọ̀ràn wa kò gùn. Gbogbo apààrọ̀-òkúta ló mọ̀ ọ́n lórí. Bí aago bá kú lọ́wọ́ apààrọ̀, onílé kò ṣẹ̀: ọ̀rọ̀ inú ẹ̀rọ rẹ̀ á yè, wọ́n á sì gba òǹtẹ̀ apààrọ̀ náà títí ayé. Bó bá kú lọ́wọ́ onílé, ẹ̀rọ náà ti di òkú, òkú kì í jẹ́rìí. Torí náà, ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọn yóò bi mí: ọwọ́ ta ló pa á? Bí mo bá ní ọwọ́ mi ni, Bàbá Láwuyì á sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó rẹ̀, èmi á sì padà sílé láìní iṣẹ́, láìní òǹtẹ̀ tí ìyá mi fi ọdún mẹ́rìndínlógójì gbé mọ́rùn tí àbààwọ́n kankan kò kàn án. Bí mo bá sọ òótọ́, òǹtẹ̀ á wà lọ́rùn mi.

Òótọ́ wo gan-an? Ọwọ́ rẹ̀ ló pa iná. Ọwọ́ mi ló ju òkúta sílẹ̀. Ojú tó tì mí ni kò jẹ́ kí n gbé abọ́ lé e lọ́wọ́. Bí mo bá sọ pé èmi ni, irọ́ náà kò ní pé irọ́. Mo mọ èyí nínú ọkọ̀ náà. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa, mo sì ń fi àtàǹpàkò nu ojú òǹtẹ̀ náà ṣáá.

"Ṣé o mọ̀ pé lórí ẹ̀rọ yìí ni mo ti pàdé rẹ̀?" Bàbá bẹ̀rẹ̀. "Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ilé-ìtẹ̀wé tèmi ni. Ó wá kí n bá òun tẹ lẹ́tà tó fẹ́ fi wá iṣẹ́. Mo tẹ orúkọ rẹ̀, mo ṣì í. Ó ní kí n tún un tẹ̀. Mo tún un tẹ̀, mo tún ṣì í. Ìgbà kẹta, ó ní, 'Ọ̀gbẹ́ni, ṣé ẹ mọ̀wé báyìí?'"

"Kí lẹ wá sọ?"

"Mo ní mo mọ̀wé. Mo ní mi ò kàn fẹ́ kó tètè lọ ni." Ẹ̀rín pa á, gbogbo ara rẹ̀ ń mì, ó sì tún di ẹ̀rọ mú gírígírí. "Ọjọ́ Sátidé ni. Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù kẹta, ọdún 2027. Ìwọ wá wo ohun tí ẹ̀rọ yìí ń sọ lónìí. Ó ní 2024 la wà. Ó ní a ò tíì pàdé."

Ó yẹ kí n sọ ọ́ fún un nígbà náà, kí n ní, "Bàbá, bí a bá débẹ̀, ẹ má sọ nǹkan kan, èmi ni màá dáhùn." Gbólóhùn kan ni. Ọkọ̀ ń sáré lójú títì tó mọ́ tónítóní, igbó dúdú minimini wà lápá òsì wa, òjò ti ṣú sórí rẹ̀. N kò sọ nǹkan kan títí a fi dé.

*

Gbọ̀ngàn Ilé Ẹ̀rí tutù, ó sì ń ta sánsán òórùn eruku àti wáyà tó ti gbóná rí. Àwọn arúgbó jókòó lórí bẹ́ǹṣì, ẹ̀rọ wọn lórí itan wọn. Agogo mẹ́ta ààbọ̀ ti kọjá nígbà tí wọ́n pè wá.

Ìyáàfin Ọmọ́tọ̀ṣọ́ lorúkọ olùbéèrè náà. Obìnrin tó rọra ń sọ̀rọ̀ ni, ó ti bá mi pàdé lọ́pọ̀ ìgbà, ó sì mọ ìyá mi. Ó kí Bàbá, ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó fa wáyà kọ̀ǹpútà sí ihò iná onígun mẹ́ta irú ti ayé ọjọ́un, èyí tí wọ́n tọ́jú síbẹ̀ fún irú iṣẹ́ yìí. Ó tan ẹ̀rọ. Ó wo síkírìnì pẹ́.

"Fadérera," ó ní.

"Mà."

"Aago yìí kú lónìí. Ní nǹkan bí agogo mọ́kànlá ààbọ̀, bí mo bá fi ìwé rẹ wé e."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀. Mo rí i pé ó káàánú mi, ó sì tún ń bẹ̀rù ohun tí mo fẹ́ sọ. "O mọ ìbéèrè tó kàn. Ọwọ́ ta ló pa á?"

Ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu mi. Mo fẹ́ kí ẹ gbà mí gbọ́. Ó wà lórí ahọ́n mi gan-an: ọwọ́ mi ni. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ti lọ bá òǹtẹ̀ náà láìjẹ́ pé mo rán an, mo sì rí ìyá mi lọ́kàn mi, bó ṣe máa ń bọ́ okùn náà lọ́rùn bó bá fẹ́ sùn, tó máa ń gbé e sábẹ́ ìrọ̀rí. Mo ní kí n kọ́kọ́ mí. Mímí kan péré ni mo fẹ́ mí. Mo mí i.

"Ẹ má bá ọmọ mi wí," Bàbá Láwuyì sọ. "Èmi ni mo pa iná."

"Bàbá—" mo bẹ̀rẹ̀.

"Èmi ni. Ọmọ náà ní kí n má fọwọ́ kan ẹ̀rọ, mi ò sì fọwọ́ kan ẹ̀rọ, ògiri ni mo fọwọ́ kàn. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Kò ṣẹ nǹkan kan. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."

"Irọ́ ni o!" mo pariwo. "Èmi ni, mà! Èmi ni mo ju òkúta sílẹ̀, èmi ni mi ò gbé abọ́ fún wọn, ọwọ́ mi ló pa á!"

Ìyáàfin Ọmọ́tọ̀ṣọ́ wo èmi, ó wo Bàbá. Ó wo àpótí kékeré tó wà lórí tábìlì rẹ̀, tí iná pupa ń tàn lójú rẹ̀, tó ń gba gbogbo ohùn wa sílẹ̀. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́. Ìdáhùn àkọ́kọ́ ni àpótí náà máa ń gbà. Èyí tó bá tẹ̀lé e, àánú ni wọ́n ń pè é, òfin kò sì mọ àánú.

"Ẹ má bínú, Bàbá," ni ó sọ. "Ó ti gbà á."

Bàbá Láwuyì mi orí. Ó dìde, ó tún agbádá rẹ̀ ṣe sí èjìká, ó fa wáyà ẹ̀rọ rẹ̀ yọ fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó kọ́kọ́ pa síwìṣì.

*

Nígbà tí a ń padà, ọkọ̀ kí wa, Bàbá kò dá a lóhùn.

"Ìgbà tí mo ti rí i tí o ń nu nǹkan ọrùn ẹ yẹn nínú ọkọ̀ ni mo ti mọ̀," ó ní. "Ìgbà tó o sọ pé 'ẹ ṣé' ni mo tiẹ̀ kọ́kọ́ fura. Ọmọ tí inú rẹ̀ dùn kì í dúpẹ́ bẹ́ẹ̀. Ti ìyá ẹ ni, àbí?"

"Ti ìyá mi ni, sà."

"Ó dáa."

Mo ń sunkún, n kò lè purọ́. "Mo fẹ́ sọ ọ́, Bàbá. Mo kàn ní kí n mí ni."

"Mo rí ẹ," ó ní. "Mo rí i pé o máa sọ ọ́. Ìdí tí mo fi yára nìyẹn."

Nígbà tí a délé rẹ̀, kò gba kọ̀ǹpútà náà wọlé. Ó ní kí n máa gbé e lọ, pé iná ilé mi á bá a mu bí mo bá wá ihò onígun mẹ́ta fún un. Ó ní ohun kan ṣoṣo lòun ń bẹ̀ mí: kí n má tún aago rẹ̀ tò. "Jẹ́ kó máa kà lọ láti ibi tó wà. Kò tíì pàdé rẹ̀. Jẹ́ kó lọ pàdé rẹ̀."

Ọdún kejì lẹ́yìn ìyẹn, lásìkò òjò, Bàbá Láwuyì kú. Itẹ́ òkú gbogbogbòò tó wà lẹ́yìn ilé omi ni wọ́n sin ín sí, ìlà kẹtàdínlógún, láàárín ẹnì kan tí n kò mọ̀ àti ẹlòmíràn tí n kò mọ̀. Ibojì tó gbẹ́ sí Ìdí-Arère ṣì wà lófìfo, àfi bí igi bá ti hù nínú rẹ̀. Wọ́n ní arère máa ń tètè hù.

Òǹtẹ̀ ìyá mi wà lọ́rùn mi síbẹ̀. Mò ń ṣiṣẹ́. Kò sí ẹni tí n kì í gbé abọ́ lé lọ́wọ́ mọ́; mo gbé e lé ọba kan lọ́wọ́ lóṣù tó kọjá, ó bínú, mo sì ń bá iṣẹ́ mi lọ. Wọ́n ní àbámọ̀ ló ń gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀, pé gbogbo òtòkùlú pé, wọn ò rí ẹbọ àbámọ̀ ṣe. Bó bá jẹ́ pé omi inú abọ́ ni ẹbọ náà, mo ti bù ú pọ̀.

Ẹ̀ẹ̀kan ni mo ti pààrọ̀ òkúta kọ̀ǹpútà Bàbá láti ìgbà náà. Èmi nìkan ló wà nílé. Mo bu omi sínú abọ́, mo gbé e sórí àga tó kọjú sí mi, kí n tó fi ọwọ̀ kan ohunkóhun. Iná ewé náà kò ṣẹ́jú. Òkúta àtijọ́ tí mo yọ ní ilé Bàbá lọ́jọ́sí wà nínú agolo ìrẹsì mi, mo fi bébà wé e lọ́tọ̀, mo kọ orúkọ Bàbá sára rẹ̀. Kò wúlò fún nǹkan kan mọ́, n kò sì lè sọ ọ́ nù.

Láàárọ̀ yìí, mo tan ẹ̀rọ náà. Mo ti ń ka ọjọ́ bọ̀ láti ọdún tó kọjá. Ó mọ́lẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bó ti máa ń ṣe, ó sì kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ síkírìnì bí ẹni pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀: Sátidé, ọjọ́ kẹtàlá, oṣù kẹta, 2027.

Mo ṣí ìwé tuntun nínú rẹ̀. Mo tẹ orúkọ Ìbídùn, mo wò ó dáadáa kí n má ṣì í. Lábẹ́ rẹ̀, mo tẹ gbólóhùn tó yẹ kí n sọ kí n tó mí: Ọwọ́ èmi Fadérera ló pa á.

Ẹ̀rọ náà béèrè bóyá kí òun tọ́jú rẹ̀. Mo ní kó tọ́jú rẹ̀. Ó gbà á, ó sì fi ọjọ́ sí i.